Ta Ló Ní Ọmọdé Kò Mọ Nǹkan?

Ẹ̀yin tí mò ń bá wí lónìí, ẹ mọ ara yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń yọ́ jáde nínú yàrá ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, tí ẹ ó gbé bàtà dání kí ọmọ má baà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ rán ọmọ ọdún méjì lọ gba bisikíìtì lọ́wọ́ ìyá onílé. Kí ó tó padà dé, àpótí ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọkọ̀, ọkọ̀ ti kọjá Onípàńu, ó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú n'Íkẹjà. Bí a bá wá bi yín pé kí lẹ sọ fún ọmọ, ìdáhùn kan náà ni gbogbo yín ní: "Ọmọdé ni, kò mọ nǹkan, yóò gbàgbé."

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ tuntun ń wọ́ ní Fádèyí yìí, ní Èkó wa, lójoojúmọ́, àgbà sì kún ọjà bámúbámú. Àwa àgbà náà la tún ń bá yín fọwọ́ sí i. Ìyá ọkọ ni yóò sọ pé, "Máa lọ jàre, bó bá sunkún tán yóò dákẹ́." Òótọ́ ni, yóò dákẹ́. Ohun tí ìdákẹ́ yẹn jẹ́ ni ìyá ọkọ kò mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà pè mí ní arúgbó tí kò mọ̀ pé ayé ti yí: mo mọ ìdí tí ẹ fi ń lọ. Mo mọ iye tí onílé ń gbà lórí yàrá kan ní Ṣómólú. Mo mọ ohun tí Ìlú Ọba ṣe fún yín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba wọn ti sọ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ láti òkèèrè kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún kan náà, wọ́n fi òfin bẹ́ẹ̀ de àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n kúkú ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú náà mọ́ àwọn tuntun tó fẹ́ gba físà wọlé láti òkèèrè. Ẹni tó rí físà gbà láàárín àkókò yẹn ní láti yàn, kí ó dá lọ tàbí kí ó jókòó. Ọ̀pọ̀ yín dá lọ. Ìyá ọmọ oṣù mẹ́wàá ń wẹ arúgbó ní Mánṣẹ́sítà, ọmọ tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ ní Bàjúláyè. N kò bá ebi yín jà. N kò sì ní kí ẹ má rìn. Irọ́ tí ẹ fi ń di ẹrù ni mò ń torí rẹ̀ bá yín wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan fún yín. James Robertson àti ìyàwó rẹ̀ Joyce, tọkọtaya kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé fíìmù kan jáde ní ọdún 1969 nípa ọmọkùnrin tí wọ́n pè ní John. Ọmọ oṣù mẹ́tàdínlógún ni. Ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ bí àbúrò rẹ̀ nílé ìwòsàn, bàbá ní iṣẹ́ tó ń lọ, kò sí ẹbí nítòsí, ni wọ́n bá gbé John sí ilé ìtọ́jú ọmọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ẹnikẹ́ni kò nà án níbẹ̀. Oúnjẹ wà, ibùsùn mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tí kò sí ni ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ẹni tó wọṣọ fún un láàárọ̀ lè má sí níbẹ̀ lálẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń tọ nọ́ọ̀sì kan dé òmíràn, ó ń wá itan tí yóò jókòó lé. Àwọn ọmọ tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìkókó, tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń jà fún itan, ń tì í kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tó yá kò jẹun mọ́. Ó dùbúlẹ̀, ó dì mọ́ béárì ìṣeré ńlá kan.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá rẹ̀ dé. Ṣé ẹ rò pé John sáré lọ bá a? Ó ju ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń ké, kò jẹ́ kí ìyá tù ú nínú. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀ ní ìwò kan tí ìyá yẹn kò rí rí lójú rẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀rù pé ìyá lè tún pòórá kò tíì tán lára rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án o! Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta.

Kí fíìmù yẹn tó jáde, Robertson ti ń jókòó láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, nígbà tí ilé ìwòsàn kì í jẹ́ kí ìyá dúró ti ọmọ. Ó rí i pé ọmọ á kọ́kọ́ sunkún kíkan, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Tó bá yá, á sorí kọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò dákẹ́, á máa jẹun, á máa bá gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àwọn nọ́ọ̀sì á sì ní ara ọmọ ti wálẹ̀. Ìgbà tí ìyá bá wọlé tí ọmọ ń wò ó bí àlejò ni ohun tó ṣẹlẹ̀ yóò hàn. Ìdákẹ́ tí ìyá ọkọ ń ṣèlérí fún yín nìyẹn. Ọmọ kò gbàgbé ìyá rẹ̀. Ó ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ni.

Àmọ́ n kò tíì sọ ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn náà. Tọkọtaya yìí kan náà gba ọmọ mẹ́rin mìíràn sílé ara wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìyá wọn náà wà nílé ìwòsàn. Ọ̀kan nínú wọn, Jane, jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́tàdínlógún gẹ́gẹ́ bíi John. Wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọ wá mọ ilé kí ọjọ́ tó pé. Ọmọ mú nǹkan ìṣeré àti aṣọ ìbora rẹ̀ dání. Joyce kò lọ sí ibì kankan. Òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń tẹ́ ẹ sùn, ó ń dárúkọ ìyá fún un, bàbá sì ń wá kí i. Àwọn ọmọ náà sunkún, inú wọn bàjẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fọ́. Nígbà tí ìyá dé, wọ́n mọ ìyá. Láàárín John àti Jane, ọjọ́ orí kan náà, àìsí ìyá kan náà, ọwọ́ tó gbà wọ́n ló yàtọ̀. Gbogbo ìbínú mi sí yín lónìí, orí èyí ló dúró lé.

Ẹ ó ní ti òyìnbó nìyẹn, ọmọ tiwa le. Ó dáa. Mary Ainsworth, olùwádìí kan, lọ jókòó ní abúlé àwọn ará Gáńdà nítòsí Kampala, ní Uganda, ní ọdún 1954 sí 1955, ó ń wo ọmọ ọwọ́ 28 nínú ilé ìyá wọn. Ó ti gbọ́ àṣà kan tí àwa náà mọ̀ dunjú: bí wọ́n bá fẹ́ gba ọmú lẹ́nu ọmọ, wọn a gbé e lọ fún ìyá àgbà. Ó fẹ́ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ọmọ. Nígbà tó débẹ̀, àwọn ìyá tó bá pàdé ti ń pa àṣà náà tì, ló bá ń wo bí ọmọ ṣe ń so mọ́ ẹni. Ó rí i pé bí ẹni tí ọkàn ọmọ balẹ̀ sí bá wà ní ìtòsí, ọmọ á rá lọ jìnnà, á máa fọwọ́ kan nǹkan tuntun. Bí ẹni náà bá dìde kúrò, eré á dáwọ́ dúró. Ó rí i pẹ̀lú pé ọmọ kan lè ní ju ẹnì kan lọ tó so mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń rí ara wọn. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ìmọ̀ òyìnbó ni mò ń ka sí yín létí. Lára ọmọ adúláwọ̀ ni òyìnbó ti kọ́ ọ.

Àwọn mìíràn nínú yín gbọ́n ju báyìí lọ, òwe ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. "Bàbá, ṣebí ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó?" Igba ènìyàn dà? Nínú agboolé tí wọ́n ti pa òwe yẹn, igba ènìyàn náà ń gbé yí àgbàlá kan ká, ìyá ọmọ sì wà lára wọn. Bí ìyá bá lọ ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ohùn tí ọmọ mọ̀ kò kúrò nílé, ẹni tó ń pọ̀n ọ́n lánàá náà ni yóò pọ̀n ọ́n lónìí. Kódà ní Ṣómólú níbí, nígbà tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbóná, àwọn obìnrin tó ń to ìwé, tó ń ká ìwé, ń gbé ọmọ pọ̀n sídìí iṣẹ́. Ariwo ẹ̀rọ a máa pa ojú ọmọ dé. Ohun tí ẹ̀yin ń ṣe yàtọ̀. Oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ ìyá, oṣù méjì lọ́dọ̀ àǹtí ní Bàrígà, ọmọ ọ̀dọ̀ kan dé, ó lọ, òmíràn dé, ó lọ, wọ́n gbé ọmọ lọ sí Òṣogbo, ìyá àgbà ń ṣàìsàn, wọ́n tún gbé e wá sí Ìkòròdú. Ìyẹn kì í ṣe igba ènìyàn. Ẹnì kan ni, tí ọmọ ń pàdánù rẹ̀ ní ìgbà púpọ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi ọmọ ọ̀dọ̀ kún un, nítorí pé ẹ kì í ka ìyẹn sí ènìyàn. John Bowlby, dókítà ọpọlọ tó kọ ìwé ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1951, ọmọ olówó ni. Oníṣẹ́ abẹ ńlá ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í sì í rí àwọn ọmọ ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ lójúmọ́. Minnie, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ wọn, ni ọmọ náà fẹ́ràn. Bowlby ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí Minnie fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn títí ó fi dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ lé ọmọ ọ̀dọ̀ lóru nítorí owó ẹja, láìjẹ́ kí ó dágbére fún ọmọ tó ti ń gbé sẹ́yìn fún odidi ọdún kan, ẹ rò pé ọ̀dọ̀ yín nìkan ni nǹkan ti sọnù?

Wọ́n ti ṣe irú ohun tí ẹ ń ṣe yìí rí. Láti bí ọdún 1955 sí àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ Nàìjíríà, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, rọ́ lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ ń ka òfin, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ kí owó lè pé, òun náà sì ń wá ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Yàrá kan ni wọ́n rí gbà, onílé kò sì fẹ́ ariwo ọmọ. Ìwé ìròyìn kan ń bẹ tó ń jẹ́ Nursery World. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń polówó pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn gba ọmọ tọ́. Àwọn obìnrin òyìnbó ní Kent, ní Essex, ní Sussex gbà wọ́n, wọ́n ń gba owó ọ̀sẹ̀. Lójú àwọn òbí, àṣà ilé ni wọ́n ń ṣe: a gbé ọmọ fún ẹni tí yóò tọ́ ọ, ọmọ ṣì jẹ́ tiwa. Esther Goody, tó ti ṣèwádìí lórí ọmọ àgbàtọ́ láàárín àwọn ará Gonja ní Gánà kí ó tó wá wo irú àwọn ìdílé yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé ibi tí ọ̀nà ti yà. Nílé, ẹni tó ń tọ́ ọmọ jẹ́ ìbátan, ó mọ orírun ọmọ, ó ń fi bàbá àti ìyá rẹ̀ hàn án. Ní Kent, wọ́n gbé ọmọ oṣù mélòó kan fún àjèjì tí kò mọ oríkì, tí kò mọ èdè, tó sì lè máa rò pé wọ́n ti fi ọmọ náà ta òun lọ́rẹ ni.

Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí ẹ ń rí nínú fíìmù Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn òbí rẹ̀ tó ń kàwé gbé e fún tọkọtaya òyìnbó kan ní Tilbury, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ kí àwọn òbí tó mú un wá sí Nàìjíríà. Kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún dá a padà sí Tilbury. Níbẹ̀, àwọn ọmọ ìta tó kórìíra aláwọ̀ dúdú ń nà án lójú pópó. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí: ó dara pọ̀ mọ́ àwọn skinhead, àwọn tó ń na aláwọ̀ dúdú, ó ń bá wọn lu àwọn tó jọ òun. Ó kúrò níbẹ̀ nígbà tó yá, ó ka ìwé òfin ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù kan, Farming, tó jáde ní ọdún 2018. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìwé ni wọ́n ń kà. Bóyá wọ́n gbà pé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò mọ nǹkan.

Ẹ má sì fi Kriss Akabusi dá mi lóhùn. Ọmọ Ìgbò ni, àwọn òbí rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní Ìlú Ọba nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ nílé, ó sì gba wúrà eré sísá pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ní Tokyo ní ọdún 1991. Mo yọ̀ fún un. Ẹni tó gba inú iná jáde kò sọ iná di omi tútù.

Ohun tí ẹ̀yin ará Fádèyí kò fẹ́ gbọ́ nínú ìtàn Tilbury ni pé ìgbà méjì ni wọ́n ya ọmọ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lára ìyá tó bí i, ẹ̀ẹ̀kan lára obìnrin tó mọ̀ ní ìyá. Ẹ̀yin náà ń bọ̀ lọ́nà yẹn. Ọmọ tí ẹ gbé sọ́dọ̀ ìyá àgbà láti oṣù mẹ́sàn-án, tó ti ń pe ìyá àgbà ní "Màámi", ẹ ó fi ìwé ránṣẹ́ ní ọdún kẹrin pé kí wọ́n gbé e wá. Ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n á já a gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà, wọ́n á fà á lé obìnrin kan tó mọ̀ nínú fóònù lọ́wọ́. Nígbà tí kò bá jẹun ní Mánṣẹ́sítà, ẹ ó ní ìyá àgbà ti bà á jẹ́. Ìyá àgbà kò ba ohunkóhun jẹ́. Òun nìkan ló ṣe ohun tó yẹ nínú gbogbo yín, òun lẹ sì fẹ́ fi ìyà jẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára lásán ni, ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni. Nígbà tí ìjọba Ceaușescu wó ní Romania ní ọdún 1989, ayé rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ nínú ilé àwọn ọmọ tí òbí kọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń jẹun ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tó jẹ́ tiwọn. Ní ọdún 2000, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah bẹ̀rẹ̀ ìwádìí pẹ̀lú ọmọ 136 ní Bucharest. Wọ́n gbé ìdajì fún alágbàtọ́ tí wọ́n ti kọ́, wọ́n ń wọn iná tí ọpọlọ wọn ń mú wá, wọ́n ń wọn òye wọn bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn tó rí ẹni tiwọn ṣe dáadáa ju àwọn tó kù nílé náà lọ, àwọn tó sì rí i kí wọ́n tó pé ọdún méjì ló jèrè jù. Ọdún méjì tí ẹ ní ọmọ kò mọ nǹkan yẹn gan-an ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà ṣáájú ìbí àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí ẹ fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mélòó nínú yín ló ń fún wọn ní ìdajì wákàtí yẹn? Ní ọdún 2014, ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù mẹ́fà lórí ọmọ méjì àkọ́kọ́, wọ́n tún fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Obìnrin tó ń tajà fún yín, tó ń to ìwé fún yín, kò sí nínú oṣù mẹ́fà yẹn. Òun ni ẹ ń rí tó ń tò fún ọkọ̀ BRT kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ọmú ń ro ó.

Ẹ̀yin onílé jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀dọ̀ yín kò pẹ́ mi. Ọmọ ọwọ́ méjìlá lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí kò pé ogún ọdún, tí ẹ kì í sanwó fún bó ṣe yẹ, tí yóò sì lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ dín iye ọmọ kù, ẹ fi owó kún owó rẹ̀ kí ó lè dúró. Tẹlifíṣọ̀n tí ẹ tàn sílẹ̀ kì í ṣe olùtọ́jú.

Ẹ̀yin bàbá ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ gbọ́n jù. Ìyàwó rin ìrìn àjò, ìwọ bàbá wà ní Fádèyí, ara rẹ le, ọmọ rẹ sì ń gbé Òṣogbo. Mo bi ọ̀kan léèrè ìdí, ó ní ọkùnrin kì í tọ́mọ. Ó mọ bí a ṣe ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n títí di òru, kò mọ bí a ṣe ń pọn ọmọ. Ṣé ọmú nìkan ni ọmọ ń wá? Ọmọ ń wá ojú kan náà tó rí lánàá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Morocco Road, físà ìyàwó rẹ̀ ti dé, ọmọ wọn jẹ́ oṣù mọ́kànlá. "Bàbá, ṣé kí ó má lọ mọ́ ni?" Mo ní n kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní: ìyá rẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé yìí, má dúró de ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò. Kí òun àti ìyàwó rẹ jọ máa wẹ ọmọ, kí wọ́n jọ máa bọ́ ọ, títí ọmọ yóò fi gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ láìwo ẹ̀yìn. Kí ọmọ wà nínú yàrá tó mọ̀. Kí ìyàwó rẹ fi aṣọ ìdàbora rẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀ ọ́. Ẹ mú aago kan fún fídíò, kí ó má yẹ̀, ẹ má sì máa pa fóònù nítorí pé ọmọ sunkún. Bó bá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbé ọmọ lọ, kí ìyá rẹ bá a lọ bí wọ́n bá fún un ní físà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ìyàwó rẹ wá lo oṣù kan nínú ilé yìí kí ó tó gbé e. Ìwọ alára, sọ fún ọ̀gá rẹ pé o kò ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́.

Ó ní, "Bàbá, láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ ńkọ́? Ọmọ á ké."

Mo ní kí ó ké. Kí ìyá rẹ̀ gbé e, kí ó wí fún un lójúkojú pé òun ń lọ, òun yóò sì máa pè é. Bí ìyàwó rẹ bá fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé, ìwọ ni kí o lọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé kí o dá a padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.